Bí Ọsàn Àǹtí Ṣe La Òtútù Já

Nígbà tí ọsibítù pe Àǹtí pé àyè ti ṣí láti ṣe iṣẹ́ abẹ ìgbáròkó wọn, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ fóònù. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kí n wá fi ọkọ̀ gbé wọn lọ ni. Mo ti ń ro ọjọ́ tí mo lè tọrọ àyè níbi iṣẹ́ nígbà tí wọ́n ní, "Ta ni yóò bá mi tọ́jú ọsàn mi?"

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò bá mi rẹ́rìn-ín.

"Mi ò bá ọ ṣeré o. Láti ìgbà tí mo ti ń bu omi sí ìdí igi yìí, ọdún tó wá so gan-an ni wọ́n fẹ́ là mí nídìí."

Àǹtí kì í ṣe ẹbí mi. Weston, àdúgbò tí wọ́n ń gbé nílùú òyìnbó níbí, la ti pàdé, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé láyé ìjọba ológun, tí mo wọ kóòtù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n tà fún mi nílé pé ti òtútù ni. Mo dúró ní ibùdókọ̀, mò ń dá sọ̀rọ̀ pé òtútù yìí á pa mí. N kò mọ̀ pé obìnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbọ́ Yorùbá. Wọn ò tilẹ̀ wo ojú mi tí wọ́n fi dáhùn. "Kò ní pa ọ́," ni wọ́n wí. "Wá jẹun." Orí àga gbọọrọ inú pálọ̀ wọn ni mo sùn títí mo fi rí iṣẹ́ ní wáàháòsì ìkẹ́rùsí kan ní Malton, ẹ̀yìn ìyẹn náà, mi ò tètè kó kúrò. Nítorí náà, tí Àǹtí bá ní kí n wá gbé ọsàn, ọsàn ni mo máa lọ gbé.

Láti inú kóró ni igi náà ti wá. Àǹtí mu ọsàn kan lọ́dún Kérésìmesì kan, wọ́n ri kóró rẹ̀ sínú ike yọ́gọ́ọ̀tì, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ sójú fèrèsé. Ó hù. Ó dàgbà kúrò nínú ike, ó bọ́ sínú ìkòkò, ó dàgbà kúrò nínú ìkòkò, ó bọ́ sínú báàfù ńlá. Àmọ́ ní ìgbà òtútù kọ̀ọ̀kan, ooru gbígbẹ inú ilé wọn a máa mú kí ewé rẹ̀ já bọ́, òdòdó tó bá sì yọ a rẹ̀ dànù kó tó di èso. Lọ́dún yìí, wọ́n gbé e sí bákónì láti ìgbà tí oòrùn ti mú. Kòkòrò oyin wá bá a níbẹ̀ lókè téńté, ó sì so. Ọsàn méje. Kékeré ni wọ́n, gbogbo wọn ṣì ní àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n Àǹtí ti pe gbogbo ìjọ wá wò ó.

Iṣẹ́ ọ̀gbìn ni mo kà ní yunifásítì nílé. Nígbà tí mo dé ibí, ẹrù ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé kí n tó rí iṣẹ́ sí ọgbà kan lókè Brooklin, níbi tí wọ́n ti ń gbin òdòdó àti igi eléso sínú ilé onígíláàsì. Lójú Àǹtí, dókítà igi ni mí. Ohun tí wọn ò rò ni pé níbi iṣẹ́ mi, bí igi kan bá kú, àìmọye mìíràn ló tò sẹ́yìn rẹ̀. Èyí, ọ̀kan ṣoṣo ni. Láti ìgbà tí mo ti gbà pé màá tọ́jú rẹ̀ ni àyà mi ti ń já.

Èmi àti ìyàwó mi la lọ gbé e ní Sátidé kan ní Ọkitóbà. A fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé e bí ọmọ tuntun, a gbé e wọ líìfùtù, ẹ̀gún rẹ̀ sì gún ìyàwó mi lápá lẹ́ẹ̀mejì kí a tó dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí a dé ìdí ọkọ̀, igi náà ò wọ ẹ̀yìn. Iwájú nìkan ló gbà á, pẹ̀lú àga tí a dà sẹ́yìn.

"Dádì," ni ìyàwó mi wí, "ṣé ọsàn ló máa jókòó síwájú, kí èmi tẹ́ ẹ fẹ́ níṣu lọ́kà lọ jókòó sẹ́yìn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Aláìsàn ni."

"Àǹtí ni aláìsàn. Igi nìyí."

Ó jókòó sẹ́yìn ṣá, ó sì fi ọwọ́ kan di ẹ̀ka mú títí a fi délé.

Ẹ̀yìn ilé wa ní Brooklin ní yàrá kan tó jẹ́ gíláàsì láti òkè délẹ̀. Ẹni tó kọ́ ọ kò fa ooru débẹ̀, híítà kékeré kan tó ń lo iná la gbé síbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo gbé ọsàn náà sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsàn wẹ́wẹ́ kan tí mo ti ní tẹ́lẹ̀. Ìyàwó mi béèrè pé kí ló dé tí a ò gbé e sínú pálọ̀ níbi tó móoru. Mo ní pálọ̀ ni yóò pa á, bó ṣe ń pa òdòdó rẹ̀ lọ́dọọdún. Igi ọsàn fẹ́ ìmọ́lẹ̀, ó sì fẹ́ kí ara rẹ̀ tutù díẹ̀. Òtútù díẹ̀ náà ló ń sọ èèpo ọsàn di pupa rúsúrúsú. Nílé wa, ọsàn a pọ́n, a dùn bí oyin, síbẹ̀ èèpo rẹ̀ á ṣì dà bí ewé, torí òtútù ò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó dára ní díẹ̀ ló ń pani tó bá pọ̀. Bí yàrá yẹn bá tutù ju bó ti yẹ lọ, èso á bàjẹ́ lórí igi.

Inú ìdílé tó ń gbin kòkó ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi a máa gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn wọ inú oko, wọ́n á sì máa fín oògùn sí kòkó láti igi dé igi. Wọn kì í dúró kí àrùn dé kí wọ́n tó fín in. Ojú ọ̀run ni wọ́n ń wò. Bí òjò bá ti ń múra àtirọ̀ léraléra, wọ́n ti jáde. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọgbà lókè Brooklin tí wọ́n gbé ike ìfín lé mi lọ́wọ́, ó ṣe mí bí ẹni pé mo padà sóko. Nǹkan tí a ń fín nìkan ló yàtọ̀.

Omi inú ewé ni òtútù ń bá jà. Bí omi yẹn bá dì, á fa ewé náà ya láti inú, bó bá sì yọ́ tán, ewé á rọ jọ̀bọ̀tọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀. Ohun tí a ń fín sí i kò lè sọ òtútù di ooru. Ó ń bá ewé múra sílẹ̀ ni, kí ara rẹ̀ le, kí oje inú rẹ̀ ki, kí ó má tètè dì. Omi ewéko inú òkun ni mo lò, èyí tí wọ́n ń tà nínú ike, tó dúdú bí àgbo, tó sì ń rùn bí ẹja. Mo fi pọtásíọ̀mù díẹ̀, ajílẹ̀ tó ń mú ara ewéko le, sí i, mo fi omi là á dáadáa, torí bó bá ki jù, ewé ni yóò jó. Àárọ̀ ni mo fín in, kí oòrùn tó mú gíláàsì, kí ewé náà lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo gbé ewé sókè kí n lè fín abẹ́ wọn, torí abẹ́ ni ewé ti ń mí.

Ìyàwó mi ṣí ilẹ̀kùn láti ilé ìdáná, ó tún un tì kíákíá. "Ẹja la ń sìn níbí, àbí ọsàn?"

Mo fóònù Àǹtí lọ́jọ́ náà, mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n tẹ́tí gbọ́ dáadáa.

"Ṣé ó ti tutù níbẹ̀ báyìí ni?"

"Rárá o, mà. Kò tíì tutù. Ìdí tí mo fi ń fín in nìyẹn. Tí òtútù bá ti dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́."

"Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀," ni wọ́n wí, "kì í pa arọ tó bá gbọ́n." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Èmi arọ rèé, mo ti gbọ́ o!"

Mo tún fín in lẹ́ẹ̀kan sí i kí Kérésìmesì tó dé. Ike náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nítorí náà ọsàn Àǹtí nìkan ni mo fín. Ọsàn wẹ́wẹ́ tèmi, mo ní kó ṣì máa ní sùúrù ná.

Iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa. Ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, bá dókítà sọ̀rọ̀, ó sì jáde wá sọ fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé eegun tuntun náà jókòó síbi tó yẹ. Ọkàn wa balẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àǹtí padà délé, wọn ò rìn. Wọ́n ti ṣubú rí ní bálùwẹ̀, kó tó di pé ọsibítù pè wọ́n fún iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ igbe wọn. Ìbẹ̀rù ọjọ́ yẹn wà lára wọn. Obìnrin kan ń wá láti kọ́ wọn rìn. Bó bá dé, wọ́n á ní ó rẹ àwọn. Bó bá tún padà wá, wọ́n á ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn. Ìyàwó mi sọ fún mi pé bí wọn ò bá dìde báyìí, ó lè má ṣeé ṣe mọ́. Mo lọ bẹ̀ wọ́n.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi rìn lórí yìnyín, Àǹtí. Ẹ ní kí n máa rìn bí pẹ́pẹ́yẹ."

"Mo rántí," ni wọ́n wí. Wọ́n yí ojú sí fèrèsé. "Àwọn ọsàn yẹn ńkọ́?"

Bó ṣe rí nìyẹn títí di Jánúárì, nígbà tí òjò tó ń dì bó ṣe ń balẹ̀ wá. Ó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo ẹ̀ka igi àdúgbò wa ti di gíláàsì, okùn iná sì ń rọ̀ dọ́ọ̀lọ̀. Èmi wà níbi iṣẹ́, níbi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣíífù alẹ́ dé, ó ń sùn. Òtútù ló jí i. Ó fóònù mi.

"Dádì, iná ti lọ ní gbogbo àdúgbò. Híítà ìdí ọsàn ti kú."

"Báwo ni yàrá yẹn ṣe rí?"

"Mo ń rí èémí mi."

"Ẹ lè gbé e wọlé?"

"Mo ti gbìyànjú ẹ̀. Kò tilẹ̀ mì. Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n gbé fóònù sílẹ̀." Mo gbọ́ nǹkan tó ń ró gbàgà. Ó padà dé. "Ike tẹ́ ẹ fi ń fín in wà níbí, ó ṣì ku díẹ̀ nínú ẹ̀. Ṣé kí n fín in sí i?"

"Rárá o!" Mo pariwo débi pé àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yíjú wò mí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi omi kàn án rárá. Ó ti pẹ́ jù fún ìyẹn. Omi yẹn ni yóò dì sára rẹ̀."

"Ó dáa. Ẹ má pariwo mọ́ mi. Kí ni kí n wá ṣe?"

Mo ní kó ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná sílẹ̀ kí ìwọ̀nba ooru tó kù nínú ilé lè débẹ̀. Mo ní kó wá nǹkan wé e láti òkè délẹ̀, kó má fi ọ̀rá kàn án, aṣọ ni. Ó ní ó ti yé òun, ó sì gé fóònù kí n tó parí ọ̀rọ̀.

Mo tọrọ àyè, mo sì kúrò níbi iṣẹ́. Ọ̀nà tí kì í gbà mí ní nǹkan kan gbà mí ní gbogbo ọ̀sán. Táyà ìgbà òtútù ọkọ̀ mi kò ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀ lórí yìnyín yẹn. Ọkọ̀ tó ń da iyọ̀ sójú títì wà níwájú wa, a sì tò tẹ̀ lé e bí ẹni ń sin òkú. Èmi náà ti ń sìnkú. Mo ti ń ro bí màá ṣe sọ ọ́ fún Àǹtí. Kì í ṣe ọsàn nìkan ló ń bà mí lẹ́rù. Obìnrin tí kò fẹ́ dìde lórí àga, ohun kan ṣoṣo tó ń béèrè ni mo fẹ́ lọ sọ fún un pé ó ti kú.

Nígbà tí mo wọlé, mo bá ìyàwó mi nínú yàrá gíláàsì, ó wọ kóòtù, ó dé fìlà, ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì aṣọ kan. Ó ti ká aṣọ ìbora orí ibùsùn wa, ó fi wé igi náà. Ó fi ìṣáná tan sítóòfù gáàsì, ó gbé omi kaná, ó bù ú sínú gbogbo gálọ́ọ̀nù tó rí nílé, ó tò wọ́n yí báàfù náà ká lábẹ́ aṣọ. Bí wọ́n bá ti ń tutù, á tún gbé omíràn kaná. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Mo ti jí lójú oorun mi," ni ó wí, "kó má wá kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Mo gba ìkòkò omi lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó lọ jókòó. Ó kọ̀. A jọ ń pààrọ̀ omi náà títí iná fi dé ní ìrọ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a tú u. Ewé rẹ̀ ká kòrókòró, àwọn ọ̀mùnú orí ẹ̀ka ti dúdú, ọsàn kan sì wà nílẹ̀ nínú báàfù. Ìyàwó mi ní, "Ó ti kú àbí?" Mo ní mi ò tíì mọ̀. Òótọ́ ni mo sọ. Bí òtútù bá ti bá igi jà, ẹni tó bá yára gé e, tó yára rọ omi sí i, tó fẹ́ fi ajílẹ̀ mú un lára dá, òun gan-an ló máa pa á. Ńṣe ni kéèyàn fi í sílẹ̀. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníbàárà níbi iṣẹ́ láìmọye ìgbà, mi ò mọ̀ pé ó ṣòro tó bẹ́ẹ̀ láti ká ọwọ́ ẹni gbera.

Mo fóònù Àǹtí lójú ẹsẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀.

"Ìyàwó ẹ ńkọ́?" ni wọ́n béèrè. "Ṣé òtútù ò mú un?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe é, mà."

"Ó jókòó ti igi mi látàárọ̀?"

"Láti ọ̀sán, mà. Ó ti ṣíífù dé ni."

Wọ́n ní kí n gbé fóònù fún un, mo sì gbé e fún un. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Mo rí i pé ìyàwó mi ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì ń sọ pé, "Kò tọ́pẹ́, mà. Kò tọ́pẹ́ rárá."

Ọjọ́ mélòó kan kọjá. Láàárọ̀ kan, mo lọ wò ó kí n tó lọ síbi iṣẹ́, bí mo ṣe ń ṣe láràárọ̀, mo sì rí i pé àwọn ewé tó ká ti tẹ́, wọ́n ń dán. Mo fi ìka tẹ ọ̀kan. Ó le koko. Mo tẹ òmíràn. Mo mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà mo jókòó sórí àpótí tí ìyàwó mi ti jókòó, àfi bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé wọ́n ti rí ọmọ rẹ̀ tó sọ nù. Ọsàn mẹ́fà ṣì wà lórí igi. Ọsàn wẹ́wẹ́ tèmi tí mi ò fín oògùn sí, tí ẹnikẹ́ni ò sì fi aṣọ wé, ti gbọn gbogbo ewé rẹ̀ dànù. Mi ò lè búra pé oògùn tí mo fín ló gba ọsàn là. Ó lè jẹ́ aṣọ ìbora wa ni, ó lè jẹ́ omi gbígbóná ni, ọsàn wẹ́wẹ́ ò sì lè fara da òtútù tó ọsàn. Bóyá gbogbo wọn ló pawọ́ pọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí èyí tó kàn mí nínú ẹ̀. Ó yè.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni obìnrin tó ń kọ́ Àǹtí rìn sọ fún ìyàwó mi pé wọ́n ti rìn dé ilé ìdáná. Mi ò mọ ohun tó yí ọkàn wọn padà, wọn ò sì sọ fún mi. Nígbà tó yá, wọ́n rìn dé ìdí líìfùtù. Nígbà tó tún yá, wọ́n ní kí n wá gbé àwọn.

Oṣù Máàṣì ni, yìnyín ti ń yọ́ di ẹrọ̀fọ̀. Wọ́n fi ọ̀pá gun àtẹ̀gùn ilé wa, èmi lẹ́yìn, ìyàwó mi níwájú, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n. Nígbà tí wọ́n wọ yàrá gíláàsì, wọ́n dúró. Ọsàn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti pupa rúsúrúsú, oòrùn sì ń tàn sí wọn lára.

"Kí lẹ kùn sí i?" ni wọ́n béèrè.

"Òtútù ló kùn ún, mà."

Wọ́n já èyí tó wà nísàlẹ̀ jù. Ìyàwó mi gbé ọ̀bẹ wá, Àǹtí jókòó, wọ́n sì bó o bí a ṣe ń bó o nílé, èèpo náà lọ́ wálẹ̀ gbọọrọ láìjá. Wọ́n gé orí rẹ̀, wọ́n fi ẹnu sí i, wọ́n fà á. Ojú wọn fún pọ̀. Èmi àti ìyàwó mi ń wò wọ́n.

"Ó kan," ni wọ́n wí. Wọ́n tún fà á. "Ó kan, àmọ́ adùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wá mu."

A mu ún. Ó kan lóòótọ́. Mo ti mu ọsàn tó dùn jù ú lọ dáadáa, mi ò sì rántí ibi tí mo ti mu wọ́n. Àǹtí ní kí n má tíì gbé igi náà padà sí Weston o, kí ó ṣì wà lọ́dọ̀ wa títí òtútù yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá. Wọ́n ní àwọn á máa wá wò ó. Ìyàwó mi ní kí wọ́n wá ní Sátidé tó ń bọ̀, òun máa se mọ́ínmọ́ín, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí bóyá ewé ni wọ́n máa fi pọ́n ọn tàbí agolo.